Òfin Má-Fẹsẹ̀-Rìn

Kùmọ̀ oníná tó wà lọ́wọ́ Bọ́látitó ba ọkùnrin náà ní orúnkún, ọkùnrin náà sì wó lulẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì. Kò tíì ké tán tí Bọ́látitó fi fò ó kọjá, tó sì gbá ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ léjìká. Ìkùukùu òwúrọ̀ ṣì bo títì tó lọ sí ẹsẹ̀ òkè Ìdànrè, ìyẹn kò sì jẹ́ kó rí ojú àwọn tó ń lù dáadáa. Kò tilẹ̀ fẹ́ rí i. Láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà ló ti kọ́ ara rẹ̀ láti máa wo orúnkún àti èjìká nìkan.

Agbálọ̀nà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ga tó ilé, táyà rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, apá irin rẹ̀ méjèèjì sì nà sí ọ̀tún àti òsì débi tí kò sí ibi tí èèyàn lè gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹsẹ̀ tẹ títì, tí kò ní báàjì ẹ̀ṣọ́ láyà, ṣe ni Agbálọ̀nà máa gbá a wọ gọ́tà. Kì í béèrè orúkọ, kì í sì í dúró de ẹni tó bá ṣubú. Bọ́látitó gbọ́ nígbà tí apá irin náà ba obìnrin kan, ó gbọ́ ìró egungun tó dá, lẹ́yìn náà ló wá gbọ́ ohùn Súnmọ́nù, ọ̀gá rẹ̀, tó dúró ti ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ tó ń pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dé ibi àtẹ̀gùn. Bí àwọn arìnnà yìí, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn láìka òfin sí, bá ti lè bọ́ sórí àtẹ̀gùn òkè, ọwọ́ kò lè tẹ̀ wọ́n mọ́, nítorí táyà kì í gun òkúta.

Ọmọdé kan ṣubú síwájú rẹ̀. Ọmọ náà sanra, fìlà tó dé ti bò ó lójú, ó sì ń mí gulegule. Bọ́látitó gbé kùmọ̀ sókè.

“Mọ́mì,” ni ọmọ náà wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà wọ́n mọ́.”

Kùmọ̀ náà dúró lókè, ó ń kùn bí agbọ́n. Tèmídire ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Orí ibùsùn ló fi í sí nígbà tó ń jáde nílé láàárọ̀ yẹn.

Kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ọkọ rẹ̀ sáré yọ láti inú ìkùukùu, ó sì da ara bo ọmọ náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní etí Akíngbadé. Ó wo ìyàwó rẹ̀, kò sì yà á lẹ́nu pé òun ló bá níbẹ̀. Ó dà bíi pé ó ti ń retí òwúrọ̀ yìí láti ìgbà pípẹ́. Ìgbà náà ló yé Bọ́látitó pé kò sí ẹ̀kọ́ àárọ̀ kankan tí ọkùnrin náà ń gbé ọmọ lọ láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ìrìn ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

Súnmọ́nù dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó mọ Tèmi. Ó ti jẹun nílé wọn rí. Ó wo ọmọ náà, ó wo Bọ́látitó, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Gbé ọmọ rẹ sínú ọkọ̀,” ló wí. “Èmi ò rí i níbí, ìwọ náà ò rí i. Àwọn yòókù, a ó parí iṣẹ́ wa lórí wọn.”

Bọ́látitó bojú wẹ̀yìn. Àwọn yòókù náà ti há sábẹ́ afárá kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn òbí àti àwọn ọmọ tó tóbi bíi Tèmi, Màmá Jọláadé sì dúró níwájú wọn. Obìnrin arúgbó yìí ti fi ìgbà kan jẹ́ nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé kí ìjọba tó gba aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Igi lásán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, Agbálọ̀nà sì ti ń yí orí padà sí ọ̀dọ̀ wọn.

Bọ́látitó gbé ọmọ tirẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ó fa Tèmi yọ lábẹ́ bàbá rẹ̀, ó sì wọ́ ọ lọ sí ibi ọkọ̀, kò wẹ̀yìn mọ́. Akíngbadé ń ké tẹ̀lé e pé kó má ṣe gbé e sórí àga yẹn, pé kó rántí ohun tí àga yẹn ń ṣe, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju kí ọmọ kúrò níwájú Agbálọ̀nà lọ. Ó ti ọmọ náà wọlé, òun náà jókòó tì í, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Àga náà sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin tó ní sùúrù gan-an ni wọ́n fi sí i lẹ́nu.

“Tèmídire Akíngbadé. Ìwọ̀n rẹ ti kọjá ààlà. Jọ̀ọ́, jókòó jẹ́ẹ́. A ń gbé ọ lọ sí Ilé Ìdínkù.”

Ìgbànú irin jáde láti ẹ̀gbẹ́ àga, ó sì dè mọ́ ọmọ náà níkùn. Ilẹ̀kùn tì. Ọkọ̀ tí kò ní dẹ́rẹ́bà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí táyà.

Kò sí ẹni tí kò mọ Ilé Ìdínkù nílùú náà. Ọmọ tó bá ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́wàá, tí àga ilé ìwé tàbí ti ọkọ̀ bá sì sọ pé ìwọ̀n rẹ̀ kọjá ààlà, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ láti la ikùn rẹ̀, kí wọ́n sì rán ìfun rẹ̀ kúrú. Ọ̀pọ̀ wọn ń padà bọ̀ wálé. Ọmọ àdúgbò wọn kan, Ọmọ́yẹlé, náà padà bọ̀, àmọ́ ẹ̀kọ lásán pàápàá kò kọjá ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, wọ́n sì sin ín kí ọdún tó yí. Bọ́látitó lọ kí ìyá ọmọ náà. Nígbà tó délé, ó ti àpótí oúnjẹ tó wà lára ògiri, tí ẹ̀rọ ń kó bísíkíìtì àti ohun dídùn wá sí lóròòwúrọ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ̀ rẹ̀ sápò. Ó pe Tèmi ní àpò ìrẹsì lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ojú lè tì í. Ojú tì í lóòótọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi píìnì irun ìyá rẹ̀ já kọ́kọ́rọ̀, ó sì ń jókòó sí balùwẹ̀ jẹun.

Akíngbadé ló lọ bá Màmá Jọláadé ní bòókẹ́lẹ́. Arúgbó náà ní kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ la lára ọmọ yìí. Ó ní kó máa rìn, kó máa ṣeré títí ara rẹ̀ á fi gbóná, kó máa sùn dáadáa, kí wọ́n máa se oúnjẹ gidi fún un kó sì máa bá àwọn ará ilé rẹ̀ jẹ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì bú u mọ́. Ó ní ọmọ tó ń dàgbà ni. Bí ó bá ń ga sí i, ìwọ̀n rẹ̀ á bá gíga rẹ̀ mu. Nígbà tí Akíngbadé sọ èyí fún ìyàwó rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí Bọ́látitó bi í ni pé orí títì wo ni ọmọ á ti máa rìn, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti lé àwọn arìnnà kúrò.

Ní báyìí, nínú ọkọ̀, Tèmi ò sunkún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìgbànú irin náà mú, ó ń wo ìyá rẹ̀.

Bọ́látitó kọ́kọ́ pàṣẹ fún ọkọ̀ pé kó dúró, ó sọ orúkọ àti ipò rẹ̀. Ohùn náà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ọkọ̀ sì ń lọ. Ó wá gbé kùmọ̀, ó sì fi fọ́ gíláàsì iwájú. Gíláàsì gé e lápá láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ó ki kùmọ̀ bọ inú ibi tí ohùn náà ti ń jáde, ó tẹ iná rẹ̀ dé òpin, ó sì ń gún un títí ohùn náà fi di ìgbe, tí ìgbe náà sì kú. Èéfín bo inú ọkọ̀. Ìgbànú irin náà gbóná. Ó jó Tèmi níkùn kó tó jábọ́. Ọkọ̀ náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọlu òpó, ilẹ̀kùn sì ṣí. Àwọn méjèèjì yí gbirigbiri bọ́ sórí títì.

Wọn ò jìn rárá sí ibi tí wọ́n ti gbéra. Agbálọ̀nà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tuntun lórí títì, ó fi àwọn tó wà lábẹ́ afárá sílẹ̀, ó sì yíjú. Bọ́látitó rí i pé ó ń bọ̀ tààrà. Kò wá òun. Báàjì ṣì wà láyà òun. Ọmọ òun ló ń bọ̀ wá gbá.

Kò ronú. Ó já báàjì náà kúrò láyà, ó sì fi há aṣọ Tèmi. Apá irin tó ti sún mọ́ ọmọ náà yà kúrò lára rẹ̀, ó sì ba ìyá léegun ìhà. Ó gbé e nílẹ̀, ó sì jù ú sẹ́yìn. Èémí kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ máa là, Agbálọ̀nà ti kọjá wọn lọ, Akíngbadé sì ti ń fà á lábíyá bọ́ sétí títì, ó ń sọ fún un pé kó dìde, pé àwọn yòókù ti ń sá lọ síbi àtẹ̀gùn, pé ọ̀nà ti là.

Súnmọ́nù ló wá dí ọ̀nà náà. Ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó wo ọkọ̀ ìjọba tó ń jó, ó sì bi Bọ́látitó bóyá ó mọ ohun tó ṣe. Kò dúró gbọ́ èsì. Ó fi kùmọ̀ gbá Akíngbadé lápá, apá náà sì ṣẹ́ lójú wọn. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó bì. Súnmọ́nù na ọwọ́ sí àyà Tèmi láti já báàjì náà kúrò.

Bọ́látitó fò mọ́ ọn. Kò sí kùmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Eyín àti èékánná ló fi jà. Ó gé e jẹ lọ́wọ́ títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Súnmọ́nù gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ kan sì yọ. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Bọ́látitó di ọkùnrin náà mú láyà aṣọ, ó sì fi gbogbo agbára fà á. Aṣọ ya. Báàjì Súnmọ́nù já, ó sì bọ́ sínú omi gọ́tà, òun fúnra rẹ̀ sì kọsẹ̀ sẹ́yìn sórí títì.

Àwọn méjèèjì jọ gbọ́ bí Agbálọ̀nà ṣe dúró, tó sì yí padà.

Ọkùnrin yìí ti ń rìn níwájú ẹ̀rọ náà láti bí ọdún gbọgbọrọ. Òun ló máa ń fọ̀ ọ́, òun ló máa ń fún un lóróró. Ó na ọwọ́ sí i bí ẹni tó fẹ́ dá ajá tó mọ̀ ọ́n dúró. Apá irin gbá a lẹ́sẹ̀, ó wó, táyà iwájú sì gun orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ó ké orúkọ Bọ́látitó. Ẹ̀rọ náà sún sẹ́yìn díẹ̀ láti tún un gbá.

“Ẹ jẹ́ ká lọ,” ni Akíngbadé wí. Ó ti gbá apá rẹ̀ tó ṣẹ́ mọ́ra. Ọ̀nà là gbayawu. Bọ́látitó na ọwọ́ sẹ́yìn láti fa ọmọ rẹ̀.

Tèmi kò sí níbẹ̀.

Ó ti padà sójú títì. Kò sáré, ó ń rìn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi dé àárín Súnmọ́nù àti ẹ̀rọ náà. Ó kọ ẹ̀yìn sí ọkùnrin tó wà nílẹ̀, ó la ọwọ́ méjèèjì. Apá irin náà rí báàjì àyà rẹ̀, ó sì dúró ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ojú rẹ̀. Ó yí sí ọ̀tún. Tèmi náà yí sí ọ̀tún. Ó yí sí òsì. Ó bá ọmọ náà níbẹ̀. Láti ìgbà tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ni àga ilé ìwé àti àga ọkọ̀ ti ń sọ fún un pé ààyè tó ń gbà ti pọ̀ jù, ìyá rẹ̀ náà sì ti sọ ọ́. Ó dúró gba gbogbo ààyè náà.

Bọ́látitó sáré bọ́ sí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá Súnmọ́nù, ó sì wọ́ ọ kúrò lórí títì, sẹ́yìn òkúta ńlá kan tí Agbálọ̀nà kò lè dé. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ń wọ́ tẹ̀lé e bí aṣọ tó tutù. Ó so ó lókè orúnkún pẹ̀lú ìborùn tó wà lọ́rùn ara rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dúró. Súnmọ́nù yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kò wò ó. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, Tèmi ló bá sọ ọ́.

“Kí ló dé tó o fi padà?”

“Ẹ̀ ń ké,” ni Tèmi wí.

Wọ́n fi Súnmọ́nù sílẹ̀ lẹ́yìn òkúta náà de àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè kò ṣeé gùn fún ẹni tí ọkọ̀ ti ń gbé kiri láti kékeré. Kò pẹ́ tí Bọ́látitó fi jókòó sórí òkúta, tí eegun ìhà rẹ̀ ń gún un, tí ẹnu rẹ̀ sì kún fún ẹ̀jẹ̀. Tèmi ń gùn lọ níwájú. Ó ń làágùn, ó ń mí sókè sódò, ṣùgbọ́n kò dúró. Nígbà tó rí i pé ìyá òun ti sẹ́yìn, ó sọ̀ kalẹ̀ padà.

“Ẹ má sáré,” ló wí fún un. “Ẹ kọ́kọ́ mí, kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kejì.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gùn ún, ọmọ ń sọ ìgbà tí ìyá á mí, títí wọ́n fi dé àárín àwọn ilé àtijọ́ tó wà lókè, níbi tí àwọn arìnnà tó ti sá kúrò nílùú ń gbé.

Kò sẹ́ni tó kí i káàbọ̀. Ọkùnrin tí Bọ́látitó fi kùmọ̀ gbá ní orúnkún láàárọ̀ yẹn ni wọ́n pọ̀n gòkè. Ìyàwó rẹ̀ da omi tó wà nínú ife nù nígbà tó rí i pé Bọ́látitó ni wọ́n fẹ́ gbé e fún. Màmá Jọláadé ló bu òmíràn fún un. Ó fi igi di apá Akíngbadé, ó fi oyin pa ibi tí irin jó Tèmi níkùn, kò sì bá Bọ́látitó wí. Ó kàn sọ fún un pé lókè níbí kò sí òṣùwọ̀n, pé bí òun bá gbọ́ tó bú ara ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á fi ọwọ́ òun tì í sísàlẹ̀ òkè.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ wá lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ju èéfín ata, wọ́n yìnbọn, ọmọbìnrin kan kú létí kànga. Àwọn ará òkè yí òkúta lù wọ́n. Bọ́látitó yí òkúta tirẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó sì rí ẹni tó bà, ẹni tí wọ́n ti jọ jẹun rí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tún wá, àwọn ará òkè tún lé wọn. Lẹ́yìn náà òjò dé, títì ìsàlẹ̀ sì kún fún omi, àwọn ẹ̀ṣọ́ ò sì wá mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Nínú òjò yẹn ni Tèmi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Wọ́n se ẹ̀wà àti dòdò, gbogbo wọn sì jókòó yí àwo kan ká. Ó jẹ, ó yó, ó dìde, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Láàárọ̀ ó máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ pọn omi. Lọ́sàn-án, ó máa ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóko ẹ̀gẹ́. Kò tíì di tẹ́ẹ́rẹ́, bóyá kò sì ní di tẹ́ẹ́rẹ́ láéláé, ṣùgbọ́n ṣòkòtò rẹ̀ ti ga kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀, kò sì mí gulegule mọ́ tó bá gbé korobá omi dé orí òkè. Ó ń sùn, ó ń hanrun. Bọ́látitó máa ń jókòó tì í gbọ́ ọ.

Ó rí ohun mìíràn náà. Bí òun bá ti yọ síbi táwọn ọmọ ti ń ṣeré, eré náà á kú. Wọn kì í sá. Wọ́n kàn máa ń dúró, wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí oòrùn yọ lẹ́yìn òjò, ó ń kọjá lọ kó igi ìdáná nígbà tó bá wọn lórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ilé. Eré ìlé-ara-ẹni ni wọ́n ń ṣe. Eré náà dá bó ṣe máa ń dá. Ó tẹrí ba, ó fẹ́ yára kọjá.

“Mọ́mì,” ni Tèmi pè é. Aṣọ rẹ̀ ti rin fún òógùn, eruku sì bò ó lójú. “Ó ti rẹ ẹni tó ń lé wa. Ẹ wá máa lé wa.”

Àwọn ọmọ yòókù wo Tèmi. Ọmọbìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ nínú gọ́tà láàárọ̀ ọjọ́sí fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Bọ́látitó ní kò sáyè, pé igi ni òun ń lọ kó. Ó ní eegun ìhà ṣì ń dun òun. Tèmi dúró, ó ń retí. Ọmọbìnrin tó wà lára ògiri náà ń wò ó, kò sì ṣẹ́jú.

Ó gbé agbọ̀n igi sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sì mọ ibi tó máa fi wọ́n sí. Nígbà tó yá, ó kó wọn sẹ́yìn, ó fi ọ̀kan di èkejì mú níbẹ̀ kí gbogbo wọn lè rí i pé kò ní nà wọ́n sí ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin náà kúrò lára ògiri, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún gbé èkejì.

Bọ́látitó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.